Màmá Hilja Rantamaa, Tí Kò Gbà Pé Òun Tàsé

Oko ọ̀dùnkún kan ní abúlé Harjula, ní apá òkè Míṣígànì ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni a bí Màmá wa, Hilja Maria Rantamaa, sí ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta ọdún 1939. Bàbá wọn ni Olóògbé Eemeli Kuusela, ẹni tó ti Fíńláńdì wá wa bàbà kí ó tó di àgbẹ̀. Ìyá wọn ni Olóògbé Saima, obìnrin tí kì í gbà pé òun ti pa iná ààrò àfi tó bá padà wọlé lọ wò ó. Ìyá yìí ni Màmá fi ìwà jọ. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ wọ́n mọ̀ pé ọkàn wọn kì í lélẹ̀, a kò sì ní tàn yín nítorí pé wọ́n ti kú. Kọfí lè tutù níwájú wọn nítorí pé ọkọ̀ ilé ìwé kò tíì gbé àwa ọmọ dé.

Wọ́n jáde ilé ìwé gíga ní ọdún 1957, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìdáná ilé ìwé náà gan-an. Ibẹ̀ ni wọ́n wà títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ jókòó síbí lónìí ni wọ́n fún lóúnjẹ, tí wọ́n sì bi léèrè ìdí tí ẹ kò fi jẹ ẹ́ tán.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 1961, wọ́n ṣe ìgbéyàwó pẹ̀lú bàbá wa, Olóògbé Onni Rantamaa, tó jẹ́ agégẹdú. Ẹni tó bá fẹ́ Rantamaa, ó fẹ́ àgọ́ ọdẹ wọn pẹ̀lú, nítorí náà Màmá gba ìbọn, wọ́n sì ní ibi ìlúgọ tiwọn lẹ́bàá irà tí igi kédárì hù sí. Òfin méjì ni bàbá ọkọ wọn fi lélẹ̀ ní àgọ́ náà. Ẹni tó bá yìnbọn sí àgbọ̀nrín tó sì tàsé, wọn yóò fi àlùmọ́gàjí gé ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, wọn yóò kàn án mọ́ ògiri, gbogbo ilé yóò fi í ṣẹ̀sín, ó sì parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣá ẹran lọ́gbẹ́ tí kò rí i gbé wálé, olórí àgọ́ yóò gba ìbọn rẹ̀ títí di ọdún kejì. Kò sẹ́ni tó máa ń rẹ́rìn-ín sí ìyẹn.

Ní ìgbà òtútù ọdún 1996, Màmá yọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì, egungun èjìká ọ̀tún wọn sì kán. Dókítà fi irin sí i. Ó ní ìbọn ńlá tí wọ́n ń lò, èyí tó ń lo ọta 30-06, tó máa ń gbá ni léjìká gan-an, kò gbọ́dọ̀ kan èjìká yẹn mọ́ láé. Bàbá ní kí wọ́n kúkú máa jókòó sílé, kí wọ́n máa ṣe páì ẹran fún àwọn ọdẹ. Màmá wọ bàtà, wọ́n lọ sí ìgboro lọ wá ìbọn tí èjìká wọn lè gbà.

Báyìí ni wàhálà ọta ṣe bẹ̀rẹ̀ nílé wa. Ẹni tó ń ta ìbọn ní ìgboro fi ọta kékeré kan hàn wọ́n, èyí tí wọ́n ń pè ní 243, tí kì í fi bẹ́ẹ̀ gbá èjìká. Oríṣi méjì ló kó síwájú wọn. Orí ọta ti àkọ́kọ́ fúyẹ́, ó yá bí àṣá, ṣùgbọ́n kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Tó bá kan ara àgbọ̀nrín, ó lè fọ́ sára awọ kó má wọlé. Èkejì wúwo jù ú lọ, èèpo bàbà rẹ̀ sì nípọn, òun ló lè dé ẹ̀dọ̀fóró. Èkejì ni Màmá mú. Ṣùgbọ́n pé wọ́n ti yàn án kò ní kí wọ́n sùn. Bí ó bá bá egungun ńkọ́? Bí ẹran náà bá yí ara padà ńkọ́? Jálẹ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n fi ń yìnbọn sí abọ́ pépà ní ibi tí wọ́n ti ń wa òkúta. Wọ́n wá ṣe òfin fún ara wọn: àfi tí ẹran bá fi ẹ̀gbẹ́ hàn wọ́n, tí kò sì jìnnà ju ẹnu ọ̀nà wa sí abà màlúù lọ. Olóògbé Urho, ẹ̀gbọ́n Bàbá àti olórí àgọ́, ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọta ehoro ni ìyàwó wọn rà, kí wọ́n kúkú fi kànnàkànnà kún un.

Àwọn àgbà ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ tó bá ro ìyà, bó bá pẹran kò ní fún ẹnìkan jẹ. Ìyà ẹran ni Màmá máa ń rò ní tiwọn.

Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kọkànlá ọdún 1997, ọjọ́ tí ìjọba ṣí igbó fún àwọn ọdẹ, akọ àgbọ̀nrín kan jáde láti inú irà, ó fi ẹ̀gbẹ́ hàn wọ́n, kò sì jìnnà. Wọ́n yìnbọn. Ẹran náà fò sókè, ó sáré padà sínú igi kédárì. Bàbá àti Bùrọ̀dá Urho gbọ́ ìró ìbọn, wọ́n sì dé bá Màmá lórí ìkúnlẹ̀, tí wọ́n ń wo yìnyín. Kò sí ẹ̀jẹ̀ kankan níbẹ̀.

Bùrọ̀dá Urho béèrè bóyá ẹran náà gbé ìrù sókè nígbà tó ń sá lọ. Màmá ní ó gbé e sókè. Lọ́dọ̀ àwọn ọdẹ wa, ẹran tó bá gbé ìrù sókè ni ọta kò bà. Bùrọ̀dá ti ń fa àlùmọ́gàjí yọ lápò.

“Ó tán nìyẹn,” ni wọ́n sọ. “Ìyàwó wa, yípadà ká gé ṣẹ́ẹ̀tì ẹ, ebi ń pa wá.”

Ìtúsílẹ̀ ni Bùrọ̀dá fi lọ Màmá yẹn. Aṣọ díẹ̀ àti ẹ̀rín díẹ̀, kí gbogbo wọn sì lọ jẹun. Màmá kò dìde.

“Bùrọ̀dá, mi ò tàsé,” ni wọ́n wí. “Ọta yìí kéré, ó wọlé, kò jáde lódìkejì. Inú ni ẹ̀jẹ̀ ń dà sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá a.”

“Ṣé o mọ nǹkan tó ò ń sọ sára ẹ? Bí o bá bà á tá ò rí i, màá gba ìbọn yẹn lọ́wọ́ ẹ o.”

“Mo mọ̀, sà.”

Wọ́n wá a. Kí ó tó di ọ̀sán, yìnyín tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, ó sì bo gbogbo ipasẹ̀. Wọ́n tún wá a lọ́jọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta. Ẹsẹ̀ Màmá wú, síbẹ̀ wọn kò dúró. Ní ọjọ́ kẹta, Bùrọ̀dá Urho fúnra wọn ló rọra bẹ̀ wọ́n pé kí àwọn kúkú pè é ní àtàsé, kò sẹ́ni tí yóò gbọ́. Màmá gbé ìbọn náà lé wọn lọ́wọ́. Bùrọ̀dá kò lè wo ojú wọn.

Ìgbà òtútù yẹn le nílé wa. Nígbà tí yìnyín yọ́, ojoojúmọ́ ni Màmá ń lọ sí irà yẹn, wọn kò rí egungun kan. Wọ́n béèrè lọ́wọ́ pásítọ̀ ìjọ Luther wa bóyá ìrora ẹran máa ń dé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run. Pásítọ̀ fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀ pé kò sí ẹyẹ kan tó já bọ́ tí Ọlọ́run kò mọ̀. Màmá ní ohun tó ń ba òun lẹ́rù gan-an nìyẹn.

Lẹ́yìn ọdún kan, ìbọn wọn padà sọ́wọ́ wọn. Èjìká wọn kò gba òmíràn, nítorí náà ọta kékeré yẹn náà ni wọ́n ń lò, ṣùgbọ́n wọ́n ń jẹ́ kí ẹran súnmọ́ tòsí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n lọ tí wọn kò yìnbọn rárá. Ẹran tí wọ́n bá pa, àwọn opó ìjọ ló ń jẹ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ní ti Bùrọ̀dá Urho, títí wọ́n fi kú, wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan àlùmọ́gàjí mọ́ àfi tí gbogbo àgọ́ bá ti wá ẹran tí wọ́n yìnbọn sí títí.

Bàbá ṣaájú Màmá lọ ní ọdún 2009. Àwọn tí Màmá fi sílẹ̀ ni àwọn ọmọ wọn: Marlene Hautala àti ọkọ rẹ̀ Craig. Dale Rantamaa àti ìyàwó rẹ̀ Joyce. Àwọn ọmọ-ọmọ, Tessa, Brent àti Lorna. Àti ọmọ-ọmọ-ọmọ kan, Wyatt, tí wọ́n hun fìlà òtútù mẹ́ta fún kí orí rẹ̀ tó gba ọ̀kan.

Nígbà tí àìsàn dá wọn dùbúlẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀. Ní ọ̀sán ogúnjọ́, wọ́n lajú, wọ́n di Marlene lọ́wọ́ mú.

“Ṣé wọ́n rí àgbọ̀nrín yẹn?”

Dale tó dúró lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ń mi orí sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ta ni yóò bá a wí? Ìyá tó ń kú lọ ni, a sì fẹ́ kí ọkàn wọn balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láyé wọn. Marlene sunkún kí ohùn rẹ̀ tó jáde.

“Rárá, Màmá. Wọn ò rí i.”

Màmá wò ó títí.

“Èmi náà mọ̀,” ni wọ́n wí. “Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ máa purọ́ fún mi ni.”

Wọ́n pa ojú dé, wọ́n sì sùn bí ẹni tí gbogbo ọmọ rẹ̀ ti wọlé. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ó wọ igbó láìpẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wọn wò káàkiri irà yẹn. Màmá wa, ẹ̀yin tí ẹ kò fi irọ́ ra ìfọ̀kànbalẹ̀, ẹ sùn re o. Kí Ẹni tó rí gbogbo ohun tó ṣubú gbà yín sọ́dọ̀.