Lisiate Fungavai, Ẹni Tó Fi Nọ́ńbà Kọ́ Lotofoa Lórin (1941–2019)

Abúlé Lotofoa, ní erékùṣù Foa nílẹ̀ Tonga, ni a ti bí Olóògbé Lisiate Fungavai ní ọdún 1941. Maikolo, àgbẹ̀ oníṣu, ni bàbá wọn. Kalolaine tó ń hun ẹní ni ìyá wọn. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ni wọ́n lọ. Ìwé kò fi bẹ́ẹ̀ wọ̀ wọ́n lára, a kò ní purọ́ mọ́ òkú, ṣùgbọ́n orin wọ̀ wọ́n lẹ́jẹ̀.

Ní 1966 wọ́n fẹ́ ìyá wa, Meleane. Ní 1970 ìjọ fi wọ́n ṣe olùdarí akọrin. Orin ńláńlá àwọn ará Yúróòpù àtijọ́ ni Bàbá ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ sára pátákó, ní nọ́ńbà mẹ́ta dé mẹ́sàn-án, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan fún ohùn kan, bí a ti ń ṣe é nílẹ̀ wa. Ohun tí Bàbá bá kọ, òun ni abúlé ń kọ. Nínú ọ̀kan lára àwọn orin náà, wọ́n kọ méje síbi tí mẹ́fà yẹ kó wà fún ohùn ìsàlẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ó dùn, a sì ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní 1994 Etuate, àbúrò wa, lọ kọ́ orin ní Auckland. Ó wálé fún Kérésìmesì, ó sì dìde lójú gbogbo akọrin.

“Bàbá, mẹ́fà ló wà níbẹ̀, kì í ṣe méje. Mo ti rí ìwé orin náà.”

“Ó ti rí ìwé,” ni Bàbá wí. “Ẹ bá mi kí i. Jókòó jàre, tàbí kí o gba ẹnu ọ̀nà.”

Etuate gba ẹnu ọ̀nà. Láti ìgbà náà, wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Ìyá wa ló ń ru ọ̀rọ̀ lọ tó ń ru ú bọ̀ títí ó fi rẹ̀ wọ́n. Ó rẹ àwa náà.

Ní 2017, ọkọ̀ kan ń kọjá ní ìlú Pangai, ó ń lu orin àwọn ọ̀dọ́ kíkankíkan. Bàbá dúró sójú títì. Lábẹ́ gbogbo ariwo ìlù náà, ohùn ìsàlẹ̀ orin àtijọ́ wa ni, tòun ti méje rẹ̀. Èmi Losaline, ọmọ wọn àgbà, ni mo sọ fún wọn pé Etuate ló ṣe orin náà. Bàbá kò jẹun títí di àṣálẹ́.

“Àṣìṣe mi nìyẹn,” ni wọ́n wí. “Ó mọ̀ pé àṣìṣe ni, ó sì fi kọrin.”

A bẹ̀ wọ́n kí wọ́n pè é lórí fóònù. Wọ́n kọ̀. Alágídí ni Bàbá.

Àwọn tí Bàbá fi sáyé lọ ni: ìyàwó wọn, Meleane, ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, Vaiola, tó jókòó níbi orí wọn lónìí bí àṣà wa ti ní kí arábìnrin òkú ṣe, àwọn ọmọ, Losaline àti Etuate, àti àwọn ọmọ-ọmọ, Sēini, Penisimani àti Lupe.

Kí àìsàn tó dá wọn dùbúlẹ̀, Bàbá kọ orin Etuate sára pátákó, nọ́ńbà tẹ̀lé nọ́ńbà, wọ́n sì fi kọ́ akọrin. Wọ́n ní kí a má sọ fún un. Orin náà ni a ó kọ bí a bá ń gbé wọn sínú ibojì. Etuate, ọkọ̀ ojú omi àná lo bá dé, o kò tíì gbọ́. Bí o bá ka ibí yìí, dìde lọ síwájú akọrin. Bàbá ní ìwọ ni kí o darí rẹ̀.

Bàbá, iṣẹ́ ti parí. Ẹ sùn re o.