Ọdún Tí Mo Gun Amúnipariwo

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ
Ọmọ mi obìnrin pè. Ó ní lọ́dún yìí òun fẹ́ bá wa lọ sí ọgbà ìṣeré. Láti ìgbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì ti ń tọ̀ sílé, èmi nìkan ni mo ń kó wọn lọ síbẹ̀ nígbà ọlidé. Ó ní, "Màámi, ẹ ti ń dàgbà." Ta ni kì í dàgbà? Mo kọ̀ jálẹ̀. Tó bá fi lè tẹ̀ lé wa lẹ́ẹ̀kan péré, ó parí nìyẹn – mo di ẹrù.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹjọ
Orúnkún ń dùn mí. Mò ń rìn yí àdúgbò po láràárọ̀ kí ẹsẹ̀ lè nà. Aládùúgbò bi mí pé kí ni mò ń wá kiri. Mo ní adìyẹ mi ló sọnù. Mi ò ní adìyẹ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlá
Aládùúgbò ti ń bá mi wá adìyẹ. Mo gbé!

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá
Àwọn ọmọ dé. Ìjì, èyí ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́wàá, fẹ́rẹ̀ẹ́ já ilẹ̀kùn mi. Tíṣà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ti pé mẹ́rìndínlógún. Tẹ́lẹ̀, aṣọ mi ló máa ń dì mú. Fóònù ló kù tó ń dì mú báyìí. Ó gbé báàgì mi láìjẹ́ pé mo rán an. Inú bí mi. Mo gbà á padà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìndínlógún
Ọgbà ìṣeré. Ọkọ̀ ojú irin kan wà níbẹ̀ tó ń gun òkè fíofío, tó sì ń já wálẹ̀ wìì – Amúnipariwo là ń pè é. Tíṣà ní kí n jókòó ti báàgì. Èmi kẹ̀? Ẹ̀rù bà mí pé bí mo bá jókòó, mi ò ní dìde mọ́ títí ayé. Mo bá Ìjì wọ Amúnipariwo.

Bí a ṣe sọ̀ kalẹ̀, òòyì kọ́ mi. Mo nà gbalaja sórí kọnkéré. Ìgbà tí ojú mi là, orí mi wà lórí itan Tíṣà, ó ń fi fìlà Ìjì fẹ́ mi. Àsìkò yẹn gan-an ni ìyá wọn pè. Mo ṣẹ́jú sí Tíṣà. Ó ní, "Àlàáfíà la wà, Mọ́mì. Màmá àgbà ń jẹ áísìkiriìmù ni."

Nínú bọ́ọ̀sì, bí a ti máa ń ṣe lọ́dọọdún, kálukú sọ ohun tó dẹ́rù bà á jù. Òótọ́ nìkan la máa ń sọ. Ìjì ní ibi tí ọkọ̀ ti dorí kodò ni. Èmi ní kò sí nǹkan tó dẹ́rù bà mí. Tíṣà kọjú sí fèrèsé.

Ó ní, "Mo rò pé ẹ ti kú ni. Láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni Mọ́mì ti ní kí n máa ṣọ́ yín. Èmi ni mo ní kí wọ́n má sọ fún yín."

Ọdún mẹ́ta. Mo sì rò pé èmi ni mò ń kó wọn lọ.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàdínlógún
Mo pe ọmọ mi kí àwọn ọmọ tó jí. Mo rò ó fún un látòkèdélẹ̀ – bí mo ṣe ṣubú, irọ́ tí mo ní kí Tíṣà pa. Mo ní kó máa bá wa lọ láti ọdún tó ń bọ̀. Mo ní, "Jọ̀ọ́, má bá ọmọ náà wí. Èmi ni mo ṣoríkunkun."

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Mo ti gbọ́, Màámi. Ó ti tó. Ó yá, ẹ lọ dùbúlẹ̀."

Mo lọ dùbúlẹ̀.