Ọ̀mì Tí Èmi àti Káfíńtà Ta

Ọmọ mi àtàtà,

Kí n tó kí ọ rárá, gbọ́ ná: mo ti na Káfíńtà nídìí ayò ṣẹ́ẹ̀sì, mo nà án débi pé gbogbo ẹgbẹ́ dìde pàtẹ́wọ́. Ó dáa, èèyàn mẹ́ta ló dìde, ọ̀kan nínú wọn sì ń lọ tọ̀. Ó dáa, mi ò nà án tán, ọ̀mì la ta. Ṣùgbọ́n ọ̀mì tèmi dùn ju tiẹ̀ lọ.

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ọkọ rẹ ṣì ń hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta? Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín lọ, á máa ṣọ́ yín bọ̀. Ìyá rẹ ń kí ọ, ó ní kí n má purọ́ nínú lẹ́tà yìí, mo sì ń gbìyànjú.

O mọ̀ pé ọdún mẹ́tàdínlógún rèé tí èmi àti Káfíńtà ti ń ta fún ẹgbẹ́ wa nínú líìgì, òun ní tábìlì kìíní, èmi ní ìkejì bí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀. Alága wá ní kí àwa méjèèjì ta á: bí mo bá borí, tábìlì kìíní di tèmi, bí ó bá di ọ̀mì, Káfíńtà ò kúrò níbẹ̀.

Wákàtí mẹ́ta la fi jókòó. Káfíńtà ń fi ìka lu tábìlì bí ẹni ń wá ibi tí yóò kan ìṣó mọ́. Mo ní kó rọra, pé tábìlì ẹgbẹ́ ni, kì í ṣe pósí. Ó ní pósí tèmi lòun ń wọ̀n lọ́wọ́. Nígbà tó yá, mo ní ká gbà á ní ọ̀mì, a bọ ara wa lọ́wọ́.

Àfi bí akọ̀wé ẹgbẹ́ ṣe to ayò náà sínú fóònù rẹ̀, ni fóònù bá ní bí mo bá ṣí ọmọ ayò lẹ́ẹ̀mejì péré sí i, ọba Káfíńtà ti kú, ayò ti di tèmi. Inú àpò ni fóònù yìí wà látàárọ̀ o, ó sì rí i! Mo gba fọ́ọ̀mù ìfisùn, níbi tí ẹlẹ́rìí máa ń kọ orúkọ sí, mo kọ nọ́ńbà fóònù náà. Akọ̀wé ní fóònù kì í jẹ́rìí. Jọ̀wọ́, ìwọ tí o wà nítòsí àwọn tó ń ta fóònù náà, bá mi yà sọ́dọ̀ wọn, kí wọ́n bẹ̀ ẹ́ kó fọwọ́ síwèé.

Fi owó jígí ojú tuntun ránṣẹ́ pẹ̀lú. Ohun rere tó bá dé iwájú rẹ, ojú rẹ á rí i.

Èmi ni, bàbá rẹ.

Ìyá rẹ ti ka lẹ́tà yìí, ó ní kí n kọ ìyókù. Ó dáa. Káfíńtà nawọ́ sí ọba rẹ̀, mo rò pé ó fẹ́ pa mí láyò ni, mo yára bẹ̀bẹ̀ fún ọ̀mì. Lọ́nà ilé ló sọ fún mi, ó sì rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀: ó fẹ́ dá ọba náà dùbúlẹ̀ ni, kó gbà pé mo ti na òun.