Ẹ̀rọ Tó Ń Ṣọ́ Iná ní Ẹ̀yìnkùlé Bọ́láwùmí

Ilé rẹ ní Roodepoort,
Johannesburg.
Ọjọ́ Àìkú, oṣù Kẹfà, ọdún 2015.

Bọ́láwùmí ọmọ mi,

Ṣé o sùn dáadáa? Ṣé ọlẹ̀ ń sọ? Ṣé àwọn nọ́ọ̀sì ń fún ọ ní oúnjẹ tó níyọ̀ díẹ̀, àbí omi gbígbóná lásán ni wọ́n ń pè ní ọbẹ̀ níbẹ̀? Ẹlẹ́dàá tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nínú rẹ kò ní í yọwọ́ kí iṣẹ́ tó parí. Inú mi dùn pé ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ ti ń rọlẹ̀. Ara èmi náà le, àfi òtútù ìlú yín yìí tó ń wọ inú egungun mi bí ẹni ń wọ ilé bàbá rẹ̀. Wọ́n ní dọ́kítà ti gba fóònù lọ́wọ́ rẹ kí ọkàn rẹ lè balẹ̀, ìdí nìyí tí mo fi jókòó ti lẹ́tà yìí pẹ̀lú ìwé mẹ́fà tí mo kà, ọkọ rẹ yóò mú un wá fún ọ.

Ọlábámijí àbúrò rẹ pè láti abúlé. Òjò ti dé, odò ti kún, ewúrẹ́ mi sì bí ìbejì, ọ̀kan dúdú, ọ̀kan funfun, ẹ bá wa dúpẹ́.

Ọ̀rọ̀ ẹran ọjọ́ Sátidé gan-an ni mo fẹ́ sọ. Mo mọ̀ pé orí bẹ́ẹ̀dì yẹn lo wà tí o ń ro ó: obìnrin tó ní ọ́fíìsì ní Newtown, tó ní kí o yan ẹran màlúù fún ọgọ́ta èèyàn, iṣẹ́ ńlá àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni gbé fún ọ ní ìlú yìí. Inú páálí ni ẹ̀rọ tí o rà fún iṣẹ́ náà ṣì wà nígbà tí wọ́n gbé ọ lọ sí ọsibítù. Lwazi ọkọ rẹ ní a ò ní í dá iṣẹ́ náà padà. Kí n má purọ́ fún ọ, èmi kò tíì fọkàn tán ọkùnrin náà nígbà yẹn. O mọ̀ pé ọjọ́ tí o ní ọmọ Zulu lo fẹ́ fẹ́, ọjọ́ mẹ́ta ni mi ò fi jẹun. Ìṣirò ló ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé, èmi kò gbọ́ èdè rẹ̀, òun náà kò gbọ́ tèmi, “shap” ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mo ń gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá sì ti sọ ọ́ ni mo máa ń lọ pọ́n ọ̀bẹ, nítorí mo mọ̀ pé nǹkan tó bá mú ni òyìnbó ń pè bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀bẹ ilé rẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Jímọ̀ mọ́, ó da èédú sínú ààrò irin rẹ tó wà lẹ́yìnkùlé, ó finá sí i, ó wá yọ ẹ̀rọ náà nínú páálí. Àpótí kékeré kan ni, tó ní fáànù tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ, àti wáyà méjì tó ní abẹ́rẹ́ lẹ́nu. Ó so fáànù náà mọ́ ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà dé ìdí èédú, ó fi wáyà kan há ibi tí ẹran jókòó sí, ó mú abẹ́rẹ́ kejì, ó gún ẹran náà. Mo bi í pé ṣé màlúù tó ti kú náà tún ń ṣàìsàn ni. Ó ní shap. Mo lọ pọ́n ọ̀bẹ.

Ìgbà tí mo padà dé, ó gbé fóònù dání, ó ń wá ẹ̀rọ náà kiri inú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ náà wà níwájú rẹ̀ gbọnrangandan! Mo nawọ́ sí i, mo ní òun rèé, ó tún ń wá a. Nígbà tó yá, nọ́ńbà yọ lójú fóònù: ọgọ́rin, àádọ́rùn-ún, ọgọ́rùn-ún. Ọkọ rẹ tẹjú mọ́ ọn, ojú rẹ̀ le koko. Báyìí gẹ́lẹ́ ni nọ́ńbà ẹ̀jẹ̀ rẹ ṣe ń gòkè lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ọ lọ, mo rò pé ọsibítù ló ń fi tìrẹ ránṣẹ́ sí wa. Mo kúnlẹ̀ sórí ìrì dídì, mo ń bẹ Ọlọ́run pé kó rọlẹ̀, mo sì rí i pé ọkọ rẹ ń tẹ fóònù kó lè gòkè sí i. Mo já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní ṣé ó fẹ́ pa ọmọ mi ni.

Ibẹ̀ ni Serifat ọ̀rẹ́ rẹ tó ń ta aṣọ ní Joubert Park bá wa, òun tó gbọ́ èdè ọkọ rẹ ló ní òun máa bá wa gbé ẹran náà lọ. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí àpò èédú. Ó ní ooru iná ni nọ́ńbà náà, pé àádọ́fà la fẹ́ kó dúró sí, pé tí ooru bá lọ sílẹ̀, fáànù á fẹ́ ẹ, tó bá pọ̀ jù, fáànù á dákẹ́, àti pé afẹ́fẹ́ lásán ni ẹ̀rọ náà gbà ń bá fóònù sọ̀rọ̀. Ó ní “ó dára” ni ọkọ rẹ ń pè ní shap, kì í ṣe ọ̀bẹ. Ó tún ní ẹ̀rọ náà bèèrè orúkọ, ọkọ rẹ sì kọ “Mama” sí i. Inú bí mi. Ọmọ èèyàn gan-an, ọjọ́ kẹjọ là ń sọ ọ́ lórúkọ, ẹ̀rọ tí kò tíì lo wákàtí kan láyé ti gba tèmi. Serifat ní ọkọ rẹ ní nítorí pé èmi ni mo mọ iná jù nínú ilé yìí ni. Mo gbọ́.

Mo na ọwọ́ sókè ààrò, mo ka ení, èjì, títí dé ẹ̀jọ kí ooru tó lé mi. Bí iná tí mo fi ń yan ẹja ṣe máa ń rí nìyẹn. Ẹ̀rọ náà kò purọ́.

Lọ́sàn-án gangan ni wọ́n mú iná mànàmáná lọ. Fáànù dákẹ́, nọ́ńbà pòórá lójú fóònù. Ọkọ rẹ kígbe, ó ní eish. Serifat ní wọ́n ti kéde pé ó di aago méjì ààbọ̀ kí wọ́n tó mú un padà, bẹ́ẹ̀ ẹran kò tíì jiná dé ìdajì. Ọkọ rẹ jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó fọwọ́ bojú. Serifat ní ọkọ rẹ ní òun ti ṣèlérí fún ọ pé ohunkóhun kò ní í bà jẹ́ lẹ́yìn rẹ.

Bọ́láwùmí, mo wo ọkùnrin náà títí. Mo wá ká ìró mi sókè, mo ya páálí ẹ̀rọ náà sí méjì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ iná. Ogójì ọdún ni mo fi yan ẹja, ta ló tan fáànù fún mi? Tí ooru bá lé ọwọ́ mi kí n tó kà dé ẹ̀jọ, màá fi òkúta dí ihò afẹ́fẹ́. Tí mo bá kà á kọjá, màá ṣí i, màá fẹ́ ẹ. Kò pẹ́, ọkọ rẹ dìde, ó kúnlẹ̀ tì mí, ó na ọwọ́ tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tèmi. Èmi ń ka ení, èjì, òun ń ka kunye, kubili ní èdè Zulu tirẹ̀, a sì jọ ń dé orí ẹ̀jọ lẹ́ẹ̀kan náà. Bẹ́ẹ̀ la ṣe fún wákàtí méjì ààbọ̀. Nígbà tí iná dé, tí nọ́ńbà padà yọ, àádọ́fà lé méjì ni. Ọkọ rẹ pariwo, ó gbé mi sókè bí àpò gààrí, èmi ìyá ìyàwó rẹ̀!

Serifat ní nígbà tí wọ́n gé ẹran náà ní Newtown lánàá, àwọn ará ọ́fíìsì ń pọ́n ìka lá. Obìnrin náà ti ní òun tún ń fẹ́ ẹ ní oṣù Kẹjọ.

Wàyí o, jọ̀wọ́, sọ fún ọkọ rẹ kó fún mi lówó díẹ̀ láti ra ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn àti ẹja tútù tó tóbi, mo fẹ́ kọ́ ọkọ rẹ ní ẹja yíyan. Kó tún fi owó dátà kún un. Serifat ní ẹ̀rọ náà ń jẹ dátà, bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ Jímọ̀ mi ò rí ẹni tó fún un ní nǹkan kan, mi ò sì fẹ́ kí ebi pa á sí wa lọ́rùn.

Láàárọ̀ yìí, ọkọ rẹ ní kí Serifat bá òun bẹ̀ mí pé kí n dúró tì yín títí ọmọ á fi rìn. Mo ní màá dúró. Mo wí i fún un fúnra mi, mo ní shap.

Wẹ́rẹ́ ni wàá sọ̀. A ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó gbọ́ ohùn ọmọ, ilẹ̀ àjèjì kò ní í ṣe àjèjì sí ọmọ rẹ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Kòfowórọlá.