Maṣíìnì Ìyá Wa Tí Mo Fi Ṣe Pààrọ̀

                                        Ilé Alhaji Yúnúsà,
                                        Woliwo, Onitsha,
                                        Ìpínlẹ̀ Anambra.
                                        Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Kẹsàn-án, 2024.

Ẹ̀gbọ́n mi Sakeenah ọ̀wọ́n,

Ẹ má bínú pé n kò kọ́kọ́ kí yín. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kí yín, n kò ní lè sọ ọ́ mọ́. Bó ṣe ṣe mí nìyẹn nígbà mẹ́ta tí ẹ pè mí lórí fóònù, ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀. Maṣíìnì ìránṣọ Ìyá wa kò sí lọ́wọ́ mi mọ́. Èmi fúnra mi ni mo gbé e jáde nílé.

Ó tán, mo ti sọ ọ́. Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà? Bàbá Nùsáybà ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́ díẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́? Nùsáybà fúnra rẹ̀ ńkọ́, ọmọ tí n kò lè gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́ kí àyà mi má já? Àwa náà wà láàyè, a dúpẹ́, àmọ́ Junaid ń wúkọ́. Màá dé ibẹ̀.

Mo rántí ohun tí mo ṣèlérí. Lẹ́yìn tí a sin Ìyá, ẹ ní kí n máa fi maṣíìnì náà jẹun títí Nùsáybà yóò fi kọ́ṣẹ́ tán. Ẹ ní lọ́jọ́ tó bá gba fíríìdọ̀mù, ìdí maṣíìnì ìyá-ìyá rẹ̀ ni yóò jókòó sí níwájú ọ̀gá rẹ̀ àti gbogbo èèyàn.

Ẹ̀gbọ́n mi, ojú ló tì mí. Gbogbo télọ̀ tó wà ní ìlà ṣọ́ọ̀bù wa ti ra maṣíìnì oníná. Blessing tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kì í jẹ́ kí n sinmi. Bí oníbàárà bá ti dé, á ní, "Mama Junaid, this your machine senior Nigeria." Gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó yá, ọkùnrin kan ní Main Market ń polówó pé kí èèyàn gbé ògbólógbòó rẹ̀ wá, kó fi owó díẹ̀ lé e, kó gbé tuntun lọ. Mo sọ fún ara mi pé bí oníná ṣe yá tó, n óò ti ra tuntun fún Nùsáybà kí ọjọ́ náà tó pé, pé ìyẹn ló yẹ ọmọ ayé òde òní. Ọlọ́run mọ̀ pé oore ni mo rò pé mo ń ṣe é.

Mo gbé ti Ìyá fún un, mo sì gbé oníná lọ. Oṣù mẹ́jọ ni oníná náà lò. Ọ̀sẹ̀ tí mo ń rán yúnífọ́ọ̀mù àwọn ọmọ iléèwé ló kú sí mi lọ́wọ́. Mo gbé e lọ bá Gàfárù, ọmọ Ìwó kan tó ń tún maṣíìnì ṣe lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí. Ó tú u, ó sì fi jíà kékeré kan hàn mí, ó funfun bí eyín ọmọdé. Ike ni. Irin ni gbogbo ohun tó yí i ká, ṣùgbọ́n òun tó ń ru gbogbo iṣẹ́ yẹn, ike. Ó ti jẹ tán. Mo ní kó bá mi ra òmíràn, ó ní wọn kì í tà á lọ́tọ̀. Ó gbé agolo mílíìkì kan wá, irú jíà bẹ́ẹ̀ ló kún inú rẹ̀.

Ó ní, "Ìyá Junaid, maṣíìnì yín kò bàjẹ́ o. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Ẹni tó ṣe irin tó yí i ká mọ irin í ṣe."

Ọkùnrin Main Market kò tilẹ̀ bá mi jiyàn. Ó ní irú èyí ti kọjá, tuntun ti dé, ohun èlò tuntun kò sì lè wọ inú ti tẹ́lẹ̀. Mo fi owó àjọ mi ra ìkejì. Oṣù márùn-ún. Jíà yẹn náà ni. Òkú maṣíìnì mẹ́ta ló wà lábẹ́ tábìlì Blessing báyìí, kò sì fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́.

Etí gọ́tà ẹ̀yìn ilé wa ni gbogbo wa ń kó wọn dà sí, àti fáànù, àti ṣájà, àti tọ́ọ̀ṣì tí kì í pé oṣù mẹ́ta. Bí òjò bá rọ̀, wọ́n á dí gọ́tà, omi á wọlé. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, àwọn tó ń wá kọ́pà inú wáyà á dáná sun wọ́n, èéfín dúdú náà á sì gba ojú fèrèsé wa wọlé. Nígbà tí ikọ́ Junaid kò lọ, nọ́ọ̀sì bi mí pé kí là ń sun nílé. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo ti rí ìdérí maṣíìnì mi àkọ́kọ́ nínú eérú, ó ti yọ́ dé ìdajì, àwòrán ẹyẹ tí Junaid lẹ̀ mọ́ ọn ṣì wà lára rẹ̀. Èmi ni mo gbé e síbẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wá maṣíìnì Ìyá lọ. Ní Main Market, wọ́n júwe àwọn tó ń ra irin àlòkù fún mi lọ́nà Umunya. Wọ́n ti fi òòlù fọ́ ọ, ọkọ̀ ti kó ìyókù lọ síbi tí wọ́n ti ń yọ́ irin. Táyà ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni mo bá, lórí irin tó gbé e dúró, pẹ̀lú ọ̀dà pupa tí Ìyá fi kọ orúkọ rẹ̀, Àjọkẹ́, sí i. Mo fi ìka kan yí i. Ó yí, ẹ̀gbọ́n mi. Kò dún rárá. Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, mo sunkún, títí àgbàlagbà kan nínú wọn fi sọ òòlù rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Ndo, nne," pé kí n pẹ̀lẹ́, ó sì gbé táyà náà fún mi láìgba nǹkan kan.

Ó ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí fíríìdọ̀mù Nùsáybà. N kò ní maṣíìnì kankan tí mo lè gbé fún ọmọ yín. Gàfárù ní bí a bá rí onírin àtijọ́, ì báà ti dípẹtà, òun á jí i dìde, òun á sì fi táyà Ìyá sí i. Ẹ bá mi béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà télọ̀ lọ́dọ̀ yín ní Ìsẹ́yìn. Bí ẹ bá bá ẹni tó fẹ́ gbé tirẹ̀ lọ ṣe pààrọ̀, ẹ sọ ohun tójú mi rí fún un.

Abdulwasiu, ọkọ mi, kí yín. Ẹ bá mi kí Bàbá Nùsáybà àti Àǹtí Àdùkẹ́. Ṣé ẹ̀yin ni ẹ ó sọ fún Nùsáybà ni, àbí kí n pè é fúnra mi? Èyí tí ẹ bá ní kí n ṣe ni n óò ṣe. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tètè fèsì.

                                        Èmi ni àbúrò yín tó jẹ̀bi,
                                        Mùjídàt.