Ínṣì Méjì Tí Mo Fi Kún Tábìlì Mi

Irọ́ ni mo pa fún ọmọ mi. Èmi tí mo ti lé ní àádọ́rin ọdún, tí mo ti jáde yunifásítì tipẹ́tipẹ́, mo jókòó síwájú fóònù, mo purọ́ nípa tábìlì. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí, kí ẹ bá mi dá sí i.

Abẹ́òkúta ni mo ń gbé, èmi nìkan, láti ìgbà tí ìyá àwọn ọmọ ti lọ. Mo ń tẹ ìtàn ìdílé wa sórí kọ̀ǹpútà. Àbígbẹ̀yìn mi tó wà ní Kánádà ra mónítọ̀ ńlá fún mi nítorí ojú mi, mo sì gbé e lé orí ìwé jọ́gíráfì mẹ́ta tí mo ti ní láti yunifásítì, síbẹ̀ ọrùn ń dùn mí. Ó ní òun máa ra apá irin kan, èyí tí wọ́n ń dè mọ́ etí tábìlì, tó ń gbé mónítọ̀ sókè, téèyàn lè fà sún mọ́ ojú. Kó tó dìgbà yẹn, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń pè mí... ìṣẹ́jú mẹ́ta, ṣé mo lo oògùn, ṣé iná wà, ó dàbọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ apá irin yìí ṣe bẹ̀rẹ̀, gbogbo ọjọ́ Àìkú ló ń pè, wákàtí kan gbáko. Ó fi àwòrán kan ránṣẹ́, mo ní eléyìí kúrú. Ó fi òmíràn ránṣẹ́, mo ní ṣé ó lè gbé e. Ó ní kí n wọn mónítọ̀ náà, mo gbé e lọ bá ìyá tó ń ta ìrẹsì Ọ̀fàdà ládùúgbò wa, ó gbé e sórí òṣùwọ̀n, ó ní kílò mẹ́fà ni, ó sì bi mí bóyá kí òun bá mi ṣa òkúta inú rẹ̀. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ọmọ mi, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Mi ò gbọ́ ẹ̀rín yẹn láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú.

Nígbà tó yá, ìbéèrè tán lẹ́nu mi. Ó ti rí èyí tó dáa, ó fẹ́ sanwó. Ó kàn ní kí n sọ bí pákó tábìlì ṣe nípọn tó, torí ẹnu irin náà kò gbà ju ínṣì méjì lọ. Rúlà wà lọ́wọ́ mi. Ínṣì kan ni... mo sọ pé ínṣì mẹ́ta.

Kí ló dé tí mo ṣe bẹ́ẹ̀? Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, bàbá mi kọ lẹ́tà mẹ́ta sí mi láti Owódé pé kí n bá àwọn yan àtùpà tó dáa. Ìlà méjì ni mo fi fèsì, pé kí wọ́n ra èyí tó bá wù wọ́n. Nígbà tí mo délé, mo bá àtùpà lórí tábìlì wọn, èéfín ti sọ ìgò rẹ̀ di dúdú. Wọ́n ti rà á kí wọ́n tó kọ lẹ́tà àkọ́kọ́. Mo fi wọ́n rẹ́rìn-ín nígbà náà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà la tún fi wá èyí tó gba ínṣì mẹ́ta, mo sì gbádùn gbogbo rẹ̀. Àfi ní Àìkú tó kọjá tó sọ pé, "Dádì, ẹ fọkàn balẹ̀. Mo ti rí wẹ́dà tó bá wa ṣe ẹnu irin náà, ínṣì mẹ́ta géérégé, kò ní mì rárá. Mo ti gba ìsinmi níbi iṣẹ́. Èmi fúnra mi ni mo máa wá dè é fún yín."

Ọdún mẹ́jọ rèé tí kò wálé.

Sátidé ló ń bọ̀. Mo ti mú káfíńtà kan wá láti Ìtòkú pé kó kan pákó ínṣì méjì mọ́ abẹ́ tábìlì náà. Ó wo tábìlì, ó wò mí, ó ní Bàbá, kí ni tábìlì yìí ṣe fún yín? Ọjọ́bọ̀ ló fẹ́ wá ṣe é.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́mọ lókè òkun, kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n jẹ́ kí káfíńtà kan pákó yẹn, kí ọmọ mi de irin rẹ̀, kó sì padà láì mọ nǹkan kan? Àbí kí n gbé rúlà lé e lọ́wọ́ bó bá ti wọlé, kó wọ̀n ọ́n fúnra rẹ̀? Ṣé á bínú? Tó bá sì dè é tán, tó padà lọ... kí la ó tún máa bá ara wa sọ lọ́jọ́ Àìkú?