Èéyi Kò Rí Ilé Wọ̀ sí Lábúlé Wa

Rosenda ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ títí, mo kí gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń ránṣọ ní Manila. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ gún ọ lọ́wọ́. Àlàáfíà ni èmi bàbá rẹ, Tatay rẹ, wà, ìyá rẹ náà wà, orúnkún rẹ̀ nìkan ló ń ráhùn. Amihan ọmọ rẹ ti pé oṣù márùn-ún, irun imú mi ló ń fà ṣeré.

Má bínú pé a ò gbé fóònù mọ́. Èéyi ló wọ abúlé òkè odò, ó sì pa ọmọ kan. Nọ́ọ̀sì Delfina wá kìlọ̀ fún wa pé inú afẹ́fẹ́ ni àrùn náà ń gbà kiri. Ìwọ náà rò ó wò: ṣebí inú afẹ́fẹ́ ni ohùn rẹ ń gbà bọ̀, láti Manila tí èrò pọ̀ bí eṣú? Ni mo bá pa fóònù, mo rì í sínú àpò ìrẹsì. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní Tatay, kò rí bẹ́ẹ̀ o. Ṣùgbọ́n ọmọdé ṣì ni Nọ́ọ̀sì, mi ò tíì yọ fóònù náà.

Ọjọ́ tí wọ́n gbé kúlà abẹ́rẹ́ àjẹsára dé, èmi ni mo kọ́kọ́ gbé ọmọ síwájú. Nọ́ọ̀sì ní Amihan kéré jù, ó di oṣù mẹ́sàn-án. Mo ní ṣé kó wá jókòó máa retí àìsàn ni? Ó ní rárá, bí gbogbo ọmọ tó yí i ká bá ti gbà á, èéyi ò ní rí ilé wọ̀ sí, yóò ṣòro fún un kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ọmọ mi, ta ni aládùúgbò wa? Usting! Usting tí èmi àti ẹ̀ kì í kí ara wa látìgbà ọ̀rọ̀ ajá rẹ̀ àti adìyẹ wa. Ó ti kó ọmọ-ọmọ rẹ̀ mẹ́ta pamọ́ sínú ahéré tó ti ń fi iná mú àgbọn gbẹ, ó ní òun gbọ́ pé abẹ́rẹ́ náà ń pa ọmọ. Mo lọ bá a. Ó ní ẹsẹ̀ wo ni mo fi wọ àgbàlá òun. Mo ní ẹsẹ̀ bàbá àgbà ni. Mo gbé Amihan lé e lọ́wọ́, mo ní èyí ò tíì lè gba abẹ́rẹ́, àwọn ọmọ tìrẹ ni ọgbà tó yí i ká, bí ọgbà bá lu, ibẹ̀ ni èéyi máa gbà wọlé. Amihan di irùngbọ̀n rẹ̀ mú, kò fẹ́ fi sílẹ̀. Usting ní bí abẹ́rẹ́ náà bá ṣe wọ́n ní jàǹbá ńkọ́? Mo ní ká jọ lọ bi Nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì ní apá lè dùn wọ́n, ara lè gbóná díẹ̀, ṣùgbọ́n èéyi fúnra rẹ̀ ló ń pọmọ.

Àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbà á, wọ́n ké bí ẹlẹ́dẹ̀. Nọ́ọ̀sì tún kun ìka wọn ní tàdáwà, àmì pé wọ́n ti gbà á, bíi tìgbà ìdìbò. Mo béèrè ẹni tí àwọn ọmọ náà dìbò fún, ó tún bú sẹ́rìn-ín.

Èéyi kò ṣàì dé o. Ó mú ọmọ ẹlẹ́ja kan létí òkun tí kò gba abẹ́rẹ́, wọ́n sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn, ara rẹ̀ ti ń yá. Ibẹ̀ ló parí sí, kò mú ẹlòmíràn. Ní báyìí, Usting máa ń wá gbé Amihan nírọ̀lẹ́, kì í tilẹ̀ kanlẹ̀kùn.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún ìrẹsì àti òróró orúnkún ìyá rẹ. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ owó tí o fẹ́ fi wọ ọkọ̀ ojú omi wálé ni, má fi ránṣẹ́, a ó fara dà á. Bí oṣù mẹ́sàn-án bá pé, ìwọ ni kó wá gbé ọmọ rẹ lọ gba abẹ́rẹ́ tirẹ̀. Èmi ò lè gbọ́ igbe ẹ̀.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ níbẹ̀, á sì mú ọ wálé bá wa láyọ̀.

Tatay rẹ,
Leopoldo